Ìlú Tí Àdùfẹ́ Kò Dárúkọ

Onome, ọmọ Ùròbò tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, tí òun àti Àdùfẹ́ jọ ń rán àpò níbi iṣẹ́ kan náà, ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ó ní títí di òní, bí òun bá rántí rẹ̀, itọ́ a máa kún òun lẹ́nu bí ẹni tí ó fẹ́ bì. Bí ó ti sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilé ìkẹ́rùsí kan wà ní Creek Road, ní Àpápá, tí wọ́n ń kó kòkó àti ẹ̀pà sí kí ọkọ̀ òkun tó gbé wọn lọ. Àpò ìdọ̀họ tí ó bá ya, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni wọ́n ń jù ú sí. Wọn a jókòó sórí símẹ́ńtì, wọn a na ẹsẹ̀, wọn a máa fi abẹ́rẹ́ gígùn rán an. Àdùfẹ́ wà láàrin wọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í sì í gbójú sókè bí ọkùnrin bá ń kọjá. Mùsùlùmí ni bàbá rẹ̀ kí ó tó kú, ìyá rẹ̀ tí ń ta kẹrosíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Malu Road ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àdùfẹ́ ń bá wọn jẹ ọdún méjèèjì, kò sí ẹni tí ó bi í rí èwo ni ó jẹ́ tirẹ̀.

Ara àwọn àpò náà ni wọ́n máa ń fi ọ̀dà kọ orúkọ ìlú sí: Kánò, Gúsáù, Òndó, Ìkàrẹ́. Bí Àdùfẹ́ bá ń rán Gúsáù pọ̀, a máa rò ó nínú ara rẹ̀ pé, "Irú ibo tilẹ̀ ni ibí yìí?" Òun tí kò kọjá Ìjọra Badia rí lápá kan, tí kò sì kọjá Ìsàlẹ̀ Èkó lápá kejì.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ tí ń múni wu ọkùnrin. Kòkó tí ó ti bu a máa rùn mọ́ wọn lára, kòkòrò a sì máa rìn wọnú irun wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àdùfẹ́ tú ẹnu àpò kan, eku ńlá tí ó ti jẹrà ni ó já bọ́ sí i lẹ́sẹ̀, tí ìdin ń yọ lójú rẹ̀. Kí ó tó dìde, èébì ti dé ọ̀fun. Ó bì sára ìró rẹ̀, ó bì sórí símẹ́ńtì, níṣojú gbogbo ayé. Àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sá sẹ́yìn, wọ́n ń tutọ́.

Ọkùnrin kan tí ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni kò sá. Ẹni tí ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù ni, ó wá wo ẹrù oníbàárà rẹ̀. Ó fi bàtà gbá eku náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ aṣọ ìnujú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ó sì fi nu ẹnu Àdùfẹ́ bí ẹni ń nu ẹnu ọmọ ọwọ́.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ dáadáa. Ṣé ó ti tán nínú?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí, sà. Mo dọ̀tí."

"Ta ni kò dọ̀tí ní Àpápá?" ni ọkùnrin náà wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Sàláwù ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó lọ tán, Onome fi ìgúnpá gún Àdùfẹ́ nígbáàyà. "Àdú! Ọkùnrin tó nu èébì ẹ, kí ló tún kù tí kò ní lè nù? Fẹ́ ẹ o, àbẹ̀ẹ́gì! Bó o bá ní o ò fẹ́, sọ fún un pé Onome náà mọ bí wọ́n ṣe ń bì."

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ kí ó máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni. Gbogbo ènìyàn ni kò mọ ìhà tí wọn ó wò mọ́ kí wọ́n tó sọdá títì. Sàláwù a dúró de Àdùfẹ́ ní ìdí àwọn tí ń lẹ táyà ní Malu Road, a di ọwọ́ rẹ̀ mú, a ní kí mọ́tò má baà gbá a. Bí wọ́n bá sọdá tán, kì í tètè rántí láti fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Àdùfẹ́ náà kì í rán an létí.

Folúkẹ́, ìyàwó onílé Àdùfẹ́ àti ìyá rẹ̀, ni alárinà. Ará Ìṣẹ́yìn kan náà ni òun àti Sàláwù. Òun ni ó gbé ọ̀rọ̀ lọ fún ìyá Àdùfẹ́, òun náà ni ó gbé èsì padà. Àwọn òbí Sàláwù ránṣẹ́ wá pé inú àwọn dùn, àwọn yóò wá tọrọ ọmọ bí ọdún bá yí.

Ohun tí ó dà á rú kò tó nǹkan. Àwọn méjèèjì lọ ra aṣọ. Sàláwù bi í pé, "Àwọ̀ wo lo fẹ́?"

"Èyí tí ẹ bá fẹ́, Bọ̀dá mi."

"Èmi kọ́ ni màá ró o. Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́?"

Àdùfẹ́ wo aṣọ títí, ojú rẹ̀ ń ṣú. Kò mọ̀. Ó wá inú ara rẹ̀ kiri, kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn nínú rẹ̀ bí àpò tí omi wọ̀. Ìyá òun ni ó ń yan aṣọ fún òun, fọ́máànù ni ó ń yan àpò fún òun, bó bá yá, ọkọ yóò yan èyí tí ó kù. Ta ni yóò wá wọ ilé ọkọ gan-an? Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìríra ara rẹ̀ sì mú un, bí ẹni tí ó bá irun nínú oúnjẹ.

Nígbà tí kòkó ọdún náà tán tí wọ́n ní kí àwọn aránpò máa lọ sílé títí kòkó tuntun yóò fi dé, ó sọ fún Sàláwù pé, "Bọ̀dá mi, mo fẹ́ rìnrìn-àjò. Èmi nìkan. Màá fi abẹ́rẹ́ mi jẹun níbi tí mo bá dé. Bí kòkó tuntun bá ti ń wọlé, màá padà. Ìgbà yẹn, bí ẹ bá bi mí ní ohun tí mo fẹ́, màá lè dáhùn."

Sàláwù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó rí i pé Àdùfẹ́ kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Níbo?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ fúnra mi yàn."

"Èwo ni wàhálà? Lọ sí Ìṣẹ́yìn lọ́dọ̀ ìyá mi. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára."

Bí àdúgbò ṣe gbọ́ báyìí, oníkálukú mú ìlú tirẹ̀ wá bí ẹni ń polówó ọjà. Ìyá rẹ̀ gbé agolo kẹrosíìnì kalẹ̀ kí ó lè ráyè bínú. "Obìnrin kì í dá rìn kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn! Bó bá jẹ́ dandan, Abẹ́òkúta ni wàá lọ, lọ́dọ̀ àǹtí mi. Ó ní àwọn ọmọ tó o lè máa bá a wẹ̀."

Folúkẹ́ ní, "Ìlọrin ló dáa. Lọ ké kéwú díẹ̀ kó o tó wọlé mùsùlùmí, kí wọ́n má baà fi ọ́ ṣẹlẹ́yà nílé wa."

Onome ní, "Wárí! Ẹja tútù, omi níwá, omi lẹ́yìn. Ìyá mi àgbà á gbà ọ́ sílé."

"Ṣé kò ní dí mi lọ́wọ́?"

"Ta ni? Ìyá mi àgbà? Bó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láàárọ̀, tó o bá sùn, á jí ẹ kó lè parí ẹ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, Àdùfẹ́ rí i pé gbogbo ìlú tí wọ́n dárúkọ, ẹnì kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ tí yóò máa ṣọ́ òun.

Àsìkò yìí ni màmá arúgbó kan gba yàrá tí ó kángun sí ilé ìwẹ̀ nínú ilé Folúkẹ́. Ìyá Àlíù ni wọ́n ń pè é. Ó ní ojú ń dun òun, òun wá gba ìtọ́jú l'Ékòó. Àdùfẹ́ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni ó ń di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ sí ṣáláńgá, tí ó ń kán oògùn sí i lójú, tí ó ń fọ aṣọ rẹ̀. Arúgbó náà a máa súre fún un, a máa pa á lẹ́rìn-ín. Bí Àdùfẹ́ bá jáde lọ pọnmi, a ní kí ó fi ilẹ̀kùn yàrá tirẹ̀ sílẹ̀ láìtì, òun ó máa bá a gbọ́ ohùn olè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, arúgbó náà ní, "Ọmọ mi, kí ló gba ọkàn rẹ tó báyìí? Sọ fún ìyá arúgbó tí kò ríran. Ibo ni mo fẹ́ gbé e lọ?"

Àdùfẹ́ wẹ̀yìn kí ó tó sọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Màámi ò mọ̀, Onome pàápàá ò mọ̀. Jẹ́bà ni mo yàn."

"Jẹ́bà kẹ̀? Ta lo ní níbẹ̀?"

"Mi ò lẹ́nì kankan. Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Ìjọra ní odò ńlá wà níbẹ̀, wọ́n ní bí rélùwéè bá ń gorí afárá, gbogbo èrò á dákẹ́. Mo fẹ́ mọ ohun tí màá gbọ́ bí gbogbo ènìyàn bá dákẹ́."

Arúgbó náà fi ọwọ́ pa á lórí. "Ọlọ́run á sìn ọ́, ọmọ mi."

Kò pẹ́ sí i, Ìyá Àlíù ní ojú òun ti fúyẹ́, ó palẹ̀ mọ́, ó lọ. Àdùfẹ́ sunkún nígbà tí ó ń gbé ẹrù rẹ̀ jáde.

Ọjọ́ Àìkú kan ni Sàláwù wá. Ìyá Àdùfẹ́ ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àdùfẹ́ gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, inú ọkùnrin náà sì ń dùn bí ẹni tí ó kó ẹ̀bùn pamọ́ sẹ́yìn.

"Mo ti gbà," ni ó wí. "Lọ sí ìrìn-àjò rẹ. Mo ti bá ọ ṣètò ẹ̀ gan-an. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, Ṣàfíù, ń ta irin ní Jẹ́bà. Ilé rẹ̀ ò jìnnà sí afárá. Á dúró dè ọ́ níbi tí rélùwéè ti ń dúró, á máa mójú tó ọ, á sì máa ránṣẹ́ sí mi."

Ọwọ́ Àdùfẹ́ dúró lórí ife omi tí ó fẹ́ gbé fún un. "Ta ló dárúkọ Jẹ́bà fún yín?"

Sàláwù nu ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ìyá Àlíù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni."

"Ojú tó ń dùn wọ́n ńkọ́?"

"Ojú wo? Wọ́n lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn! Má bínú, ìwádìí ni. Kò sílé tí kì í wádìí kó tó fẹ́yàwó. Àwọn ẹlòmíràn á lọ bi aládùúgbò, aládùúgbò á sì purọ́ fún wọn. Tiwa, a máa ń rán àgbà obìnrin lọ gbé níbẹ̀ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Wọ́n mà yìn ọ́ o, Àdùfẹ́! Wọ́n ní o kì í hanrun, o kì í dá àgbà lóhùn. Wọ́n ní ara rẹ mọ́ tónítóní. Pé nǹkan oṣù rẹ kì í yẹ̀. Wọ́n ní bó o bá ti lọ pọnmi, àwọn á yẹ àkísà rẹ wò nínú garawa kó o tó fọ̀ ọ́, àwọn á fi sí imú. Kò rùn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ dára, pé ilé ọmọ rẹ ò ní àrùn kankan."

Ẹ̀rín ni ó fi ń sọ ọ́. Bí ẹni ń ka àmì-ẹ̀yẹ ọmọ rẹ̀ ni.

Àdùfẹ́ rí gbogbo rẹ̀. Ó rí ilẹ̀kùn tí òun fi sílẹ̀. Ó rí arúgbó náà tí ó tẹ̀ mọ́ garawa abẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun, tí ó na àkísà síwájú fèrèsé kí ojú rẹ̀ tí ó dá ṣáká lè wò ó dáadáa. Ó rí ọwọ́ kan náà tí ó pa òun lórí. Gbogbo awọ ara rẹ̀ ń rìn, bí ìgbà tí kòkòrò inú àpò bá wọ ẹ̀wù.

"Wọ́n sọ ìyẹn fún yín? Ẹ̀yin ọkùnrin? Ẹ jókòó, ẹ ń gbọ́ ọ?"

"Kì í ṣe èmi nìkan. Gbogbo ìdílé la jókòó. Kí ló ń tì ọ́ lójú níbẹ̀? Ìyìn ni!"

Ó sáré dé ẹ̀yìnkùlé, ó sì bì sójú gọ́tà títí kò fi sí ohun tí ó kù bí kò ṣe omi kíkorò. Sàláwù tẹ̀ lé e. Ó ti yọ aṣọ ìnujú rẹ̀.

"Ẹ má fi kàn mí."

"Kí ni mo ṣe? Mo nu èébì rẹ rí, kò kó mi nírìíra. Èwo wá ni tòní?"

"Tọjọ́ yẹn, iwájú mi lẹ wà. Mo ń rí yín."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Sàláwù. Ìyẹn gan-an ni ó dun Àdùfẹ́ jù. Ó wo ojú rere tí ó fẹ́ràn, ó sì rí i pé kò sí ibì kankan lójú náà tí ohun tí ó ṣe ti ń rùn sí i.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ ni ó bá ọmọ rẹ̀ tí ó jókòó sí, tí ó ń fi ọṣẹ bó ọwọ́ ara rẹ̀.

"Màámi, ẹ mọ ẹni tí Ìyá Àlíù jẹ́?"

Ìyá tú gèlè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Folúkẹ́ sọ fún mi. Wọ́n ṣe é fún èmi náà. Ìyá bàbá rẹ ló wá, ó ní òun ń wá ẹni tó máa bá òun di irun."

"Kò kó yín nírìíra?"

"Ó kó mi nírìíra. Mo gbé e mì. Lẹ́yìn ẹ̀ ni mo bí ọ."

"Èmi ò lè gbé e mì, Màámi."

"Ebi ọkọ ló máa kọ́ ọ," ni ìyá rẹ̀ wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò le, kò sì wo ojú ọmọ rẹ̀.

Àdùfẹ́ ju garawa náà nù. Ó ju àwo tí Ìyá Àlíù fi ń jẹun nù, ó ju ìrọ̀rí tí kò mọ̀ bóyá wọ́n gbóòórùn rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n kò rí ìfẹ́ náà jù nù. Bí ẹsẹ̀ bá dún níta, ọkàn rẹ̀ a fò, a rò pé Sàláwù ni. Lẹ́yìn náà ni yóò rántí gbogbo ìdílé tí wọ́n jókòó yí àkísà rẹ̀ ká, a sì tún lọ fọ ọwọ́. Ìfẹ́ àti ìríra jọ ń sùn lórí ẹní kan náà, àwọn méjèèjì kò sì jẹ́ kí ó sùn.

Jẹ́bà pàápàá ti bàjẹ́. Bí ó bá ti rántí odò náà, a rí Ṣàfíù tí ó dúró létí rẹ̀, tí ó ń ṣọ́ ọ. Nítorí náà ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ jókòó lójú ọ̀nà Creek Road níbi tí àwọn lọ́rì tí ó já ẹrù sí wọ́ọ̀fù ti ń kó èrò padà sí òkè. Àwọn tí ń kérò ń pariwo orúkọ ìlú, òun a sì máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́nu bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Èyí tí ó bá jọ ohun tí ẹlòmíràn fẹ́ fún un, a tu ú dànù. Títí ó fi kan ọ̀kan tí inú rẹ̀ kò kọ̀. Ó pa ẹnu dé mọ́ ọn.

Folúkẹ́ wá bẹ̀bẹ̀. "Ọkùnrin yẹn ò jẹun mọ́. Ó ní kí n bi ọ́, ṣé o kọ òun ni?"

"Ẹ sọ fún wọn pé mi ò kọ̀ wọ́n, àǹtí. Ohun kan ni mo fẹ́. Kí wọ́n má bi mí níbi tí mò ń lọ, kí wọ́n má sì bi ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá lè ṣe ìyẹn, màá padà bí kòkó tuntun bá dé, kí wọ́n wá tọrọ mi."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Sàláwù wá fúnra rẹ̀. Ó ti rù. "Mo gbà," ni ó wí, "Ọlọ́run ń gbọ́ mi." Ó di ọwọ́ Àdùfẹ́ mú, ọwọ́ náà kọ́kọ́ gan, lẹ́yìn náà ó rọ̀. Ní ọjọ́ náà Àdùfẹ́ jẹ oúnjẹ, ó sì dúró nínú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ tí ó fẹ́ lọ, Onome bá a gbé àpótí dé Creek Road. Sàláwù ti wà níbẹ̀, ó ra búrẹ́dì fún un. Kò béèrè nǹkan kan. Ó ní, "Máa jẹun o. Má jẹ́ kí òtútù mú ọ." Ojú rẹ̀ pọ́n. Àdùfẹ́ wò ó, àyà rẹ̀ yọ́. Ó rò ó pé, "Bóyá ó lè ṣe é." Ó gun ẹ̀yìn lọ́rì, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀.

Benson ni orúkọ awakọ̀ náà. Ariwo ẹ́ńjìnnì ti di í létí láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́. Ohùn rẹ̀ ni Àdùfẹ́ gbọ́ láti iwájú.

"Kí lẹ wí, ọ̀gá? Ibi tó máa sọ̀? Áà, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni o! Ẹ gba sìgá yín. Kí lẹ ní kí n ṣe? Kí n ránṣẹ́ sí yín bó bá débẹ̀? Ṣé ẹ jí i gbé ni àbí ẹ fẹ́ ẹ?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Àdùfẹ́ kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

Sàláwù sáré wá, páálí sìgá náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àdùfẹ́, ìfẹ́ ló fà á! Bí nǹkan bá ṣe ọ́ lọ́nà ńkọ́? Ibo ni mo ti máa wá ọ?"

"Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni," ni Àdùfẹ́ wí. "Ìfẹ́ náà gan-an ló ń kó mi nírìíra."

"Ṣé o máa padà?"

"Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá yín kí wọ́n lọ yẹ ọmọ ẹlòmíràn wò."

Onome bọ́ síwájú. "Àdú, èwo ni ká ṣe báyìí? Ibi tó o yàn ńkọ́?"

"Ìlú ò tán nílẹ̀ yìí."

"Kí n sìn ọ́ dé ìdí ọkọ̀ mìíràn?"

"Rárá, Onome. Dúró síbẹ̀."

Ó gbé àpótí karí. Ọ̀wọ́ lọ́rì náà gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tan ẹ́ńjìnnì, èéfín dúdú ń bo ojú ọ̀nà. Ó kọjá lára àkọ́kọ́, ó kọjá lára èkejì, àwọn tí ń kérò ń na ọwọ́ sí i, wọ́n ń pe ìlú tiwọn, kò dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn rẹ̀, Sàláwù ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Onome ní òun rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yá sí i, tí ọrùn rẹ̀ nà gbọọrọ lábẹ́ ẹrù, títí èéfín fi gbà á, kò sì wẹ̀yìn.